Àwọn ìwé àti fíìmù wo ni a lè fi mọ ìtàn àti àṣà àwọn ará Katalóníà?

Òǹkàwé_Òkèbọ́là

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń wà lọ́kàn mi. Láti ìgbà tí mo ti ka *Homage to Catalonia*, tí George Orwell gbé jáde ní 1938, ni ó ti ń wù mí láti mọ àwọn ará Katalóníà, àwọn tí Barcelona jẹ́ olú ìlú wọn ní apá àríwá ìlà-oòrùn Sípéènì. Ìwé náà dára. Orwell sọ bí òun ṣe dé Barcelona ní oṣù Kejìlá 1936, bí òun ṣe wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun POUM, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ kan, bí ọta ìbọn ṣe bá òun lọ́fun nítòsí Huesca, àti bí àwọn tí wọ́n jọ ń bá Franco jà, ọ̀gágun tí ó ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba Sípéènì, ṣe dojú ìbọn kọ ara wọn ní ìgboro ní oṣù Karùn-ún 1937.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé àwọn onílé fúnra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àlejò ni ó wá jagun, ogun ni ó rí, ogun náà ni ó sì kọ sílẹ̀. Fíìmù *Land and Freedom* tí Ken Loach ṣe ní 1995 náà kò yàtọ̀, nítorí ọmọ Liverpool kan ni a ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò tíì mọ ohun tí ìyá tí ó ń tò fún búrẹ́dì ní Barcelona ń rò, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ ìdí tí èdè wọn fi jẹ́ ohun tí wọn kò jẹ́ fi ṣeré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa wọn, kí ni kí n kà, kí sì ni kí n wò?

Àbẹ̀ní_Lleida

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Agbègbè Lleida ni mo ń gbé, ní ìwọ̀-oòrùn Katalóníà, níbi tí oko eléso pọ̀ sí, èdè Katalan ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ni ẹ óò kà, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ *La plaça del Diamant*, èyí tí Mercè Rodoreda gbé jáde ní 1962.

Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Natàlia ni ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Àdúgbò Gràcia ní Barcelona ni ó ti pàdé káfíńtà kan, Quimet, níbi ijó ọdún àdúgbò, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Colometa láì bi í bóyá ó fẹ́ orúkọ náà tàbí kò fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn, ẹyẹlé kan tí ó fara pa bà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé wọn. Quimet bá kọ́ ilé ẹyẹlé sí orí òrùlé, ẹyẹ ń pọ̀ sí i, títí wọ́n fi wọ inú yàrá, tí òórùn wọn sì gba gbogbo ilé. Obìnrin náà ń jáde lọ tọ́jú ilé fún àwọn olówó kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lè rí nǹkan jẹ, nígbà tí agara sì dá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ mi ẹyin ẹyẹlé ní ìkọ̀kọ̀ kí wọ́n má baà di ọmọ. Ẹ ka ibẹ̀ dáadáa. Kò sí ibi tí òǹkọ̀wé náà ti sọ pé ayé sú u, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò kà á tí kò ní mọ̀.

Ogun wá dé ní 1936. Ẹ kò ní rí ọ̀gágun kankan nínú ìwé náà, ẹ kò sì ní rí ojú ogun, nítorí pé obìnrin náà kò dé ibẹ̀. Ohun tí ẹ óò rí ni wàrà àti gáàsì tí ó wọ́n, ọkọ tí ó lọ tí kò padà wálé, àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n mú lọ sí àgọ́ àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé nítorí pé ilé kò ní oúnjẹ mọ́. Nígbà tí ogun parí, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ó ti máa ń ra ọkà ẹyẹlé, ó gba ásíìdì, ó ní lọ́kàn láti fi pa àwọn ọmọ rẹ̀ àti ara rẹ̀ kí ebi má baà fi ìyà jẹ wọ́n pa. Onísọ́ọ̀bù yẹn ni ó sáré tẹ̀ lé e jáde, tí ó bi í bóyá ó ń wá iṣẹ́.

Ìlú Geneva ni Rodoreda wà nígbà tí ó kọ gbogbo èyí, nítorí ó ti sá kúrò nílé ní 1939. Francesc Betriu ṣe é ní fíìmù ní 1982, Sílvia Munt sì ṣe Colometa dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin náà ni ìwé náà gan-an, mo sì gbà pé ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ mú *Pedra de tartera* ti Maria Barbal, ti 1985. Kò gùn rárá. Ọmọ orí òkè Pyrenees ni Conxa, ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi í sí nítorí pé ẹnu pọ̀ jù nídìí ìkòkò àwọn òbí rẹ̀, ogun kan náà sì bá a lókè ibẹ̀.

Olùkọ́_Ìtàn

Mo gbà pẹ̀lú Àbẹ̀ní lórí Rodoreda. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lóye ìdí tí Òǹkàwé fi sọ pé wọn kì í fi èdè wọn ṣeré gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1714. Katalóníà ti ní ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, òfin tirẹ̀ àti ìjọba tí wọ́n ń pè ní Generalitat láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ọba Sípéènì kú láì ní àrólé ní 1700, ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo Yúróòpù, àwọn ará Katalóníà sì wá dúró ti Charles ti ìdílé Habsburg lòdì sí Philip Karùn-ún ti ìdílé Bourbon. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fọkàn tán kúrò lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Utrecht ní 1713. Wọ́n dó ti Barcelona fún ohun tí ó lé ní ọdún kan, ìlú náà sì ṣubú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án 1714. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sọ di ọjọ́ orílẹ̀-èdè wọn. Ní 1716, ọba fi àṣẹ Nova Planta fọ́ gbogbo àwọn ilé ìjọba wọn, ó wó ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò La Ribera, ó sì fi ilẹ̀ wọn kọ́ odi agbára láti máa fi ṣọ́ ìlú náà. Bí ẹ bá dé Barcelona, ẹ wọ ọjà àtijọ́ El Born; ìpìlẹ̀ àwọn ilé tí wọ́n wó náà wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ óò rí òpópónà àti iyàrá wọn kedere.

Ìwé tí ó sọ ìtàn ìdótì yẹn dùn jù lọ ni *Victus* ti Albert Sánchez Piñol, tí ó jáde ní 2012. Onímọ̀ iṣẹ́ odi ni ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò sún mọ́ odi ìlú yóò yé yín yékéyéké.

Ní ti ọ̀rúndún ogún, Àbẹ̀ní ti sọ ti inú ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìta. Nígbà tí Franco borí ní 1939, ó lé èdè Katalan kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ọ́fíìsì ìjọba, ó sì dí títẹ ìwé ní èdè náà lọ́wọ́. Ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún èèyàn gba orí òkè kọjá sí Faransé. Ààrẹ wọn, Lluís Companys, wà lára wọn. Àwọn ará Jámánì mú un níbẹ̀, wọ́n fà á lé Franco lọ́wọ́, wọ́n sì yìnbọn pa á ní òkè Montjuïc ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá 1940. Josep Maria Forn ṣe fíìmù lórí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ ní 1979.

Àmọ́ ìwé tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn ni èyí tí Montserrat Roig kọ ní 1977, *Els catalans als camps nazis*. Akọ̀ròyìn ni obìnrin náà. Ó wá àwọn tí wọ́n ti àgọ́ ikú àwọn Násì bọ̀ rí, ó jókòó tì wọ́n, ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí. Ẹ kà á pọ̀ mọ́ *K.L. Reich* ti Joaquim Amat-Piniella, ìtàn àròsọ tí ẹni tí ó jìyà ní Mauthausen, ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ náà, fúnra rẹ̀ kọ tán ní 1946, tí ìjọba kò sì jẹ́ kí ó jáde títí di 1963. Àwọn tí wọ́n sá lọ sí Faransé ni àwọn Násì tún kó lọ sí Mauthausen. Ilé kò gbà wọ́n, ọ̀nà kò sì gbà wọ́n.

Òǹwòran_Sinimá

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Olùkọ́, ẹ dárúkọ *Victus*, èdè Sípéènì sì ni ọ̀gbẹ́ni Sánchez Piñol fi kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Katalan ni ó ti fi ń kọ àwọn ìwé rẹ̀ ṣáájú. Èyí gbé ìbéèrè kan dìde tí a kò gbọ́dọ̀ fò kọjá. Ǹjẹ́ ìwé tí ọmọ Barcelona bá kọ ní èdè Sípéènì jẹ́ ara àṣà Katalóníà? Ní 2007, nígbà tí ọjà ìwé Frankfurt fi àṣà Katalan ṣe àlejò pàtàkì, àwọn tí ń kọ ní èdè Katalan nìkan ni wọ́n gbé síwájú, àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà sì le gan-an. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá ka *La ciudad de los prodigios* ti Eduardo Mendoza kò ní mọ bí Barcelona ṣe gbèrú láàárín Àfihàn Àgbáyé ti 1888 àti ti 1929, bí ìwé náà tilẹ̀ jẹ́ ti èdè Sípéènì.

Fíìmù kan wà tí ó dá sí ọ̀rọ̀ yìí ju àríyànjiyàn lọ, òun ni *El 47* tí Marcel Barrena ṣe ní 2024. Ní àárín ọ̀rúndún ogún, àìmọye èèyàn ṣí wá láti àwọn ẹkùn aláìní ní gúúsù Sípéènì láti wá ṣiṣẹ́ ní Barcelona, wọn kò sì rí ilé gbé. Bí fíìmù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: àwọn àlejò láti Extremadura ń kọ́lé lóru ní òkè Torre Baró, nítorí pé bí ilé bá ti ní òrùlé kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọlọ́pàá kò lè wó o. Wọ́n ń kọ́, wọ́n ń wó o, títí wọ́n fi pa ọwọ́ pọ̀ láti máa parí ilé ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kejì. Manolo Vital, tí Eduard Fernández ṣe, di awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àdúgbò tirẹ̀ kò ní bọ́ọ̀sì, àwọn aláṣẹ sì ń sọ pé ọkọ̀ kò lè gun òkè náà. Ní 1978, ó já bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 47 tí ó ń wà gbà, ó sì gùn ún dé ilé. Ìṣẹ̀lẹ̀ tòótọ́ ni. Èdè Sípéènì ni Manolo gbé wá láti ilé, èdè Katalan ni ó ń bá Carme ìyàwó rẹ̀ sọ, méjèèjì sì jẹ́ tirẹ̀. Fíìmù náà pín àmì-ẹ̀yẹ Goya ti Sípéènì fún fíìmù tí ó dára jù lọ ní 2025 pẹ̀lú òmíràn.

Ẹ tún wo *Pa negre* ti Agustí Villaronga, ti 2010, láti inú ìwé Emili Teixidor. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ ní èdè Katalan tí ó gba Goya yẹn. Ọmọdé kan, Andreu, ni ó ń dàgbà ní abúlé lẹ́yìn ogun, láàárín àwọn àgbàlagbà tí olúkúlùkù wọn ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Ogun ti parí, ṣùgbọ́n irọ́ tí ogun gbìn sí abúlé náà ń hù lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Àbẹ̀ní_Lleida

Òǹwòran, n kò bá yín jiyàn lórí Mendoza, ẹ jẹ́ kí Òǹkàwé kà á. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Òǹkọ̀wé tí ó ń lo èdè Sípéènì ní ilé ìtẹ̀wé ní gbogbo ìgbà Franco. Èyí tí ó ń lo Katalan ń kọ ohun tí kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni yóò tẹ̀ jáde láé. Bí ibi àpérò àgbáyé bá fi ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣáájú lẹ́ẹ̀kan, n kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n dàgbà níhìn-ín nígbà náà sọ fún mi pé ilé ni àwọn ti ń sọ èdè wọn, pé àwọn kò mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ títí àwọn fi dàgbà. Òfin tí ó dá èdè náà padà sí ilé ẹ̀kọ́ dé ní 1983. Ọdún náà gan-an ni tẹlifíṣọ̀n TV3 bẹ̀rẹ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, tí wọ́n sì fi èdè Katalan sí ẹnu àwọn òṣèré *Dallas* ti Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn níbi tí mo ń gbé ṣì ń fi ayọ̀ sọ ọ́ títí di òní.

Fíìmù agbègbè tiwa nìyí: *Alcarràs*, tí Carla Simón fi gba àmì-ẹ̀yẹ Béárì Oníwúrà ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2022. Ìdílé Solé ń kórè èso písì ní ilẹ̀ tí bàbá bàbá wọn gbà láì sí ìwé kankan, nítorí pé wọ́n fi ẹni tí ó ni ilẹ̀ pamọ́ nígbà ogun. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni àdéhùn náà. Ajogún ilẹ̀ yẹn wá fẹ́ fi pánẹ́ẹ̀lì sólà rọ́pò igi eléso. Àwọn ará abúlé gan-an ni wọ́n ṣe é, wọn kì í ṣe òṣèré, èdè Katalan bí a ṣe ń sọ ọ́ ní ìhín ni ẹ óò sì gbọ́, kì í ṣe ti Barcelona. Ẹ wo àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n wá kórè pẹ̀lú wọn. Bí iye àpótí èso bá ṣe já wálẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ òní kò kan gbogbo wọn. Mo mọ àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní tòótọ́, inú mi sì dùn pé Simón kò yọ wọ́n kúrò nínú àwòrán oko náà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Lukumí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a parí ọ̀rọ̀ Katalóníà láì dárúkọ Kúbà, nítorí ibẹ̀ ni ó ti kàn wá. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lọ sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Sípéènì ti fọwọ́ sí i ní 1817 pé òun yóò dá òwò ẹrú náà dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dẹ́kun lílọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹrú kò sì gba òmìnira ní Kúbà títí di 1886. Àwọn oníṣòwò Katalóníà wà nínú òwò náà dáadáa, owó rẹ̀ sì wọ ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ òwú ní Barcelona. Ẹ ka *Negreros y esclavos*, àkójọ tí Lizbeth Chaviano àti Martín Rodrigo ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2017. Ìwé òpìtàn ni, iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìgbà náà ni wọ́n gbé e kà.

Ọ̀rọ̀ náà dé inú lítíréṣọ̀ wọn pẹ̀lú. Jacint Verdaguer, àlùfáà tí wọ́n kà sí akéwì wọn tí ó ga jù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ó kọ *L'Atlàntida* ní 1877. Àlùfáà inú ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Kúbà tí ó sì ń bọ̀ ni ó jẹ́ nígbà tí ó ń parí ewì náà, Antonio López ni ó sì ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyàwó López kan, Francisco Bru lórúkọ, wá kọ ìwé ní 1885 tí ó fi ẹ̀sùn òwò ẹrú kan olówó náà. Ère López wà ní ojúde kan ní Barcelona títí ìjọba ìlú fi wú u kúrò ní 2018. N kò sọ pé kí ẹ má ka Verdaguer. Ewì ńlá ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń kà á mọ ọkọ̀ tí ewì náà wọ̀.

Okùn kejì dára láti gbọ́. Fernando Ortiz, ẹni tí ó kọ ìwé ńlá lórí ìlù bàtá àti orin Lukumí, Havana ni wọ́n ti bí i ní 1881, ṣùgbọ́n erékùṣù Menorca ni ó ti dàgbà, níbi tí wọ́n ń sọ èdè Katalan. Ìwé àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀ jáde, ní 1895, èdè ibẹ̀ ni ó fi kọ ọ́, lórí àṣà àwọn ará erékùṣù náà. Ọ̀dọ́ tí ó kọ́kọ́ fetí sí àwọn àgbẹ̀ Menorca ni ó wá fetí sí àwọn ọmọ wa.

Olùkọ́_Ìtàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, Akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ẹ sọ yìí ni ọ̀pọ̀ àkójọ ìwé lórí Katalóníà máa ń fò, nítorí ó rọrùn láti sọ ìtàn èèyàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ nìkan. Àwọn tí ọba fọ́ ìjọba wọn lẹ́yìn 1714 ni àwọn ọmọ ọmọ wọn fi ẹrú ṣòwò. Òtítọ́ ni méjèèjì. Àwọn òpìtàn Barcelona fúnra wọn ni wọ́n sì wú ọ̀rọ̀ náà jáde, ó yẹ kí a yìn wọ́n fún un.

Òǹkàwé_Òkèbọ́là

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Rodoreda ni n óò kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà Roig. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Mo ní àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ìtàn ní ọjọ́ Sátidé, mo sì fẹ́ fi fíìmù kan hàn wọ́n. Èwo nínú gbogbo èyí ni ó bá wọn mu?

Àbẹ̀ní_Lleida

Ẹ má fi *Pa negre* hàn wọ́n o, ẹ̀gbọ́n. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan, níbi tí wọ́n ti ti ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣubú láti orí àpáta pẹ̀lú ọmọdé nínú rẹ̀, kò yẹ fún ojú ọmọ. *El 47* ni kí ẹ mú, nítorí ọ̀rọ̀ ilé àti bọ́ọ̀sì yé gbogbo ọmọ. Bí àwọn tí wọ́n kéré bá wà láàárín wọn, *Estiu 1993*, fíìmù tí Carla Simón ṣe ní 2017 ṣáájú *Alcarràs*, dára fún wọn: ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan tí àìsàn éèdì pa ìyá rẹ̀ ni wọ́n mú lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní abúlé. Ìtàn Simón fúnra rẹ̀ ni.

Èyí tí ó ní ohùn àwọn òṣèré gan-an ni kí ẹ wá, pẹ̀lú ìtumọ̀ ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Èyí tí wọ́n fi ohùn Sípéènì bò láti òkè délẹ̀ wà níta, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìyẹn wo *El 47*, ẹ kò ní mọ ìgbà tí Manolo ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè kan, tí ó yíjú sí Carme tí ó sì bọ́ sí èkejì.